Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Fẹ́ Gba Inú Ilẹ̀ Kọjá

"Ta ló ní kó o máa yẹ ìdáhùn wò? Ẹ bá mi tẹ̀wé mi ni mo wí."

Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè ló ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ni ilé-ìwé aládàáni kan ní Abúlé Òkúta, tó sì kọ ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn fáwọn ọmọ ibẹ̀. Ó jókòó sórí ìdì bébà nílé ìtẹ̀wé Àlàájì Ràmọ́nù ní Ṣómólú, ó ń fi ìdérí bírò wa ìdọ̀tí etí, ó sì ń nù ún mọ́ bébà funfun tó jókòó lé. Ó kó Hàmdálàt nírìíra.

Hàmdálàt ló ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Olùkọ́ físíìsì ni tẹ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ìbéèrè kẹtàlá. Ọkọ̀ òfuurufú fẹ́ fò yí ayé ká láàárín ogójì wákàtí, kìlómítà mélòó ni yóò máa sá ní wákàtí kan? Ẹ kọ 320."

"Ó pé bẹ́ẹ̀. Mo pín 12,800 sí ọ̀nà ogójì."

"12,800 ni téèyàn bá la àárín ilẹ̀ já sódì kejì, sà. Yíyí i ká tó 40,000. Ẹgbẹ̀rún kan ló yẹ kó máa sá. Àbí ọkọ̀ tiyín fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété ni?"

Raphael tó ń darí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Bámilóyè ò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ọmọ á há a sórí ni! Èmi ni mo ń sẹ́ẹ̀tì ìdánwò, èmi náà ni mo ń máàkì ẹ̀. Ẹni tó bá kọ ẹgbẹ̀rún kan, ó féèlì nìyẹn. Mo tiẹ̀ ti fi orúkọ ẹ síwájú ìwé pé ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ kó o dúpẹ́."

Irú ìwà yìí ló lé Hàmdálàt kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa kọ ìdáhùn ìdánwò sójú pátákó fún àwọn ọmọ.

Àlàájì Ràmọ́nù yọ láti ẹ̀yìnkùlé, omi àlùwàlá ṣì wà lápá rẹ̀.

"Hàmdálàt, fi kọ́sítómà sílẹ̀. Pléètì ti jáde, mi ò ní ṣe òmíràn. Raphael, gbé e sórí ẹ̀rọ."

"Àlàájì, orúkọ mi wà níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n bú ẹ ni? Ẹni tí ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó máa lọ sílé."

Ó kọrí sí mọ́ṣáláṣí. Ó ṣàlùwàlá tán, ó ní kí wọ́n tẹ irọ́ fọ́mọ ọlọ́mọ.

Hàmdálàt na ọwọ́ sí Raphael. "Gbé e wá kí n wò ó."

Raphael gbé pléètì náà fún un, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìwé wà lára rẹ̀, tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé bó bá ti ká báyìí, ẹ̀rọ kò ní gbà á mọ́. Hàmdálàt fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. Bámilóyè fò dìde, ó ń pariwo. Hàmdálàt kọjú sí Raphael.

"Raphael, bí wọ́n bá ní kó o ṣe òmíràn, èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ni kó o lò. Mo ti tún ìdáhùn ibẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí pléètì jáde. Orúkọ mi nìkan ni kó o yọ."

Ó gbé báàgì rẹ̀. Kò dúró de Àlàájì.