Àga Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Bí inú bá ń bí Ọ̀gá Koríko, ewéko tó bá wà nítòsí ló máa ń jẹyà rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí obìnrin owó-orí ń bọ̀ wá wo ọkọ̀ rẹ̀, ó ti rẹ́ igi ọgbà ilé ara rẹ̀ títí ó fi ku kùkùté.

Iṣẹ́ ara rẹ̀ ló ń ṣe. Òun ló ń gbin koríko àti òdòdó síwájú ilé àwọn olówó, òun ló ń gé e, òun ló ń bomi rin ín, kò sì ní ọ̀gá kankan àfi oníbàárà tí ara bá ń kan lọ́jọ́ náà. Àwọn oníbàárà yìí ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Koríko. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, àfi ìgbà tó gbọ́ pé ẹni tó bá ń jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ ló ń ro ẹjọ́ owó-orí ara rẹ̀.

Òfin náà ò burú lẹ́nu. Ohun tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ bá ná sórí iṣẹ́ náà láàárín ọdún, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó pa wọlé, ìyókù ni wọ́n á bu owó-orí lé. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí Ọ̀gá Koríko fi ń kó irinṣẹ́ ló sì ń jẹ owó jù: epo rẹ̀, táyà rẹ̀, àti mẹkáníìkì rẹ̀ tí kì í sọ pé iṣẹ́ tán. Tí wọ́n bá gbà pé iṣẹ́ nìkan ni ọkọ̀ náà ń ṣe, gbogbo ìnáwó rẹ̀ ni wọ́n á yọ, ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ á sì ra ẹ̀rọ ìgékoríko tuntun. Tí wọn ò bá gbà, kò sí ẹ̀rọ. Èyí tó wà nílẹ̀ ti ń wúkọ́, ó ń tu èéfín dúdú, bẹ́ẹ̀ òjò ti ṣú, koríko ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà di iṣu ata yán-an-yàn-an ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò ṣiṣẹ́ owó-orí rí, kò tilẹ̀ san án rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò lè là yé èèyàn.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ yẹn ló máa kó bá yín. Tí wọ́n bá ti rí àga èrò, ọkọ̀ ẹbí ni wọ́n máa kọ. Ẹ tú u!"

Ọ̀gá Koríko mú sípánà, ó tú àwọn bóòtù tó de àga náà mọ́lẹ̀. Ó to ọkọ́, réèkì àti gálọ́ọ̀nù epo síbi tó ti kúrò, ó sì gbé àga náà sí fàráńdà.

Ṣùgbọ́n àga yẹn ní ẹni tó ni ín. Ìyá rẹ̀ ló máa ń jókòó lé e, nígbàkigbà tó bá fẹ́ lọ wo orúnkún rẹ̀ ní ọsibítù. Láti ìgbà tí àga ti kúrò nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni màmá fi ń rìn lọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn wá ń fẹsẹ̀ rìn lọ tọ́jú orúnkún! Ìyàwó rẹ̀ ò sì dákẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ojú ò tì yín? Ìyá tó bí yín lọ́mọ ló ń tiro kọjá níwájú ọkọ̀ yín?"

"Kí wọ́n ṣáà wá wò ó tán ná. Àbí o rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Ìgbà wo ni wọ́n máa wá?"

Kò mọ̀. Ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyẹn. Ọ́fíìsì owó-orí ní kó máa retí àwọn. Ó pè wọ́n títí ẹnu fi bó o, wọ́n tún ní kó máa retí àwọn. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Orí àga ọkọ̀ yẹn ló ń jókòó sí ní fàráńdà, bẹ́líìtì rẹ̀ á máa mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó bá sì sinmi tán, á mú ọ̀pá, á bọ́ sọ́nà. Tí Ọ̀gá Koríko bá rí i, á yíjú síbòmíràn. Ojú ń tì í, ìtìjú náà á sì di ìbínú, á wá máa wá nǹkan tó máa gé.

Obìnrin owó-orí dé pẹ̀lú fáìlì lábíyá, ó kí gbogbo ilé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ náà tún dá kún ìbínú ọ̀gá, torí kò sí bó ṣe máa jágbe mọ́ ọn. Ìwé ìnáwó iṣẹ́ ọ̀gá ló kọ́kọ́ ṣí.

"Ìbọ̀wọ́, sà, a gbà á. Bàtà ńlá yìí náà, a gbà á. Fìlà yìí ni ò yé mi."

"Oòrùn ni mo ń dé e fún o! Ṣé ẹ mọ bí oòrùn ṣe ń mú tí èèyàn bá ń gé koríko?"

"Oòrùn ń pa gbogbo wa, sà." Ó fa ìlà lé fìlà. "Òdòdó tí ẹ rà lẹ́ẹ̀mejì yìí ńkọ́?"

"Ti àkọ́kọ́ kú mọ́ oníbàárà lọ́wọ́, mo bá a gbin òmíràn."

"Ta ló ní kí ẹ gbin òmíràn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ṣé kí n fi òkú òdòdó sílẹ̀ níwájú ilé onílé ni?"

Obìnrin náà tún fa ìlà. Ọ̀gá Koríko gbójú fò ó. Ọkọ̀ lòun ń wò. Fìlà àti òdòdó lè máa lọ.

Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ó wo réèkì, ó wo ọkọ́, ó wo ojú ihò tí àwọn bóòtù àga ti kúrò nílẹ̀.

"Lóòótọ́, kò sáyè èrò níbí," ló wí. "Iṣẹ́ nìkan." Ó ti fi bírò lé ìwé kó tó gbójú sókè, tó rí màmá ní fàráńdà. "Ẹ kú ìjókòó o, màmá. Àga yín yìí mà dára. Ó tilẹ̀ ní bẹ́líìtì!"

"Àga ọkọ̀ ọmọ mi ni," màmá dáhùn.

"Ẹ̀yin náà máa ń wọ ọkọ̀ náà?"

Ọ̀gá Koríko wúkọ́. Ó ṣẹ́jú sí ìyá rẹ̀, ó tún wúkọ́. Màmá rí i, ojú rẹ̀ sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá mọ ojú yẹn. Ojú tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré, tó bá fẹ́ bo àṣírí rẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Ọmọ mi yìí?" màmá ké. "Kì í jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan ilẹ̀! Gbogbo ọjọ́ ọsibítù, òun ló ń gbé mi lọ, òun ló ń gbé mi bọ̀. Ó ní àga yìí ti le jù fún ìdí mi, ló ṣe tú u, kó lè bá mi fi tìmùtìmù sí i. Ọmọ gidi ni. Àwọn ọmọ tiẹ̀ náà á tọ́jú ẹ̀!"

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́.

"Àmín o, màmá," obìnrin náà wí, ó wá yíjú sí ọ̀gá. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà?"

Gbólóhùn kan péré ló máa gba ẹ̀rọ tuntun náà là: irọ́ ni màámi ń pa, ẹsẹ̀ ni mo ń jẹ́ kí wọ́n fi rìn. Ó wo ọ̀pá ìyá rẹ̀ lára ògiri. Ó wo bàtà rẹ̀ tí eruku ọ̀nà ọsibítù ṣì wà lára ẹ̀. Inú ń bí i sí ìyá rẹ̀, ó ń bí i sí Mo-mọ̀-ọ́n-tán, ó ń bí i sí obìnrin yìí àti fáìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ń bí i sí jù.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Èmi ni mo máa ń gbé wọn."

"Ìdajì iṣẹ́, ìdajì ẹbí," obìnrin náà ń sọ bó ṣe ń kọ ọ́. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́, sà."

Òótọ́! Ó kù díẹ̀ kí Ọ̀gá Koríko bú sẹ́rìn-ín, ó kù díẹ̀ kó bú sẹ́kún. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, màmá rọra pè é.

"Ṣé mo sọ ọ́ dáadáa? Mo rí i pé ojú ń tì ọ́. Mo ní wọn ò ní fi ọmọ mi ṣẹ̀sín níṣojú mi."

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, màámi."

Ó da réèkì àti ọkọ́ sílẹ̀ gbàgà. Ó gbé àga padà sínú ọkọ̀, ó dojú ìjà kọ àwọn bóòtù. Ọ̀kan kọ̀ kò wọlé, ó ṣépè fún un títí ó fi wọlé. Ẹ̀rọ àtijọ́ wà níbi igun, epo ń kán lábẹ́ ẹ̀. Òun àti ẹ̀ ni wọ́n jọ máa kojú òjò ọdún yìí. Nígbà tó gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kò wọlé.

"Ṣé ìjọba ò ní bínú tí mo bá wọ̀ ọ́?"

Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó dì í mú lábíyá, ó gbé e sórí àga.

"Ẹ jókòó dáadáa. Ìdajì ọkọ̀ yìí, tiyín ni. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Màmá sún ìdí síwájú, ó sún un sẹ́yìn.

"Àga náà sì le lóòótọ́ o," ló wí. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ fún ọ."