Ahọ́n Inna Dáàdó

Mílíìkì kún ìkòkò dẹ́nu, ó funfun bí aṣọ òkú. Iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, èéfín ń lọ́ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sójú òòrùn òwúrọ̀.

Ràlíá dúró tì í. Igbá kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ewé bòmubòmu wà nínú igbá. Oje ewé yìí ló ń sọ mílíìkì di wàrà. Bó bá kéré, mílíìkì kò ní dì. Bó bá pọ̀ jù, wàrà á korò, ajá pàápàá á gbóòórùn rẹ̀, á sì rántí pé wọ́n rán òun níṣẹ́ níbòmíràn.

Ẹ rọra wò ó o, ẹ má pariwo. Mílíìkì ìkẹyìn nìyí.

Inna Dáàdó, ìyá àgbà àwọn Fúlàní gàá yìí, ti kú. Òní ni àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, gàá yóò ṣí, màlúù yóò lọ, wọn kò sì ní padà. Obìnrin tó máa ń dúró láàárín àgbẹ̀ àti darandaran, tó máa ń bú tọ̀tún bú tòsì títí kálukú fi gbé àdá àti ọ̀pá rẹ̀ lọ sílé, òun ni wọ́n sin sábẹ́ igi irú yẹn. Wàrà sàráà rẹ̀ ló wà lórí iná. Bó bá bàjẹ́, ìyá tó fún gbogbo ayé ní wàrà yóò lọ láìsí wàrà.

Ọmọ ìlú ni Ràlíá. Àwọn ará gàá kùn, kùn, kùn, pé kí ló dé tí Inna fi ń kọ́ ọmọ Yorùbá níṣẹ́ ìyá wọn. Àwọn ará ìlú yọ ṣùtì sí Ràlíá: ṣé ó ti wá di Bororo ni? Inna fún Ràlíá ní agbọ̀n, ó fún un ní ìkòkò, ó fún un ní oníbàárà tirẹ̀ gan-an. Yorùbá Inna ń tiro, ṣùgbọ́n èébú rẹ̀ ń sáré. “Ọwọ́ ẹ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́! Rò ó jẹ́jẹ́. Ṣé olè lò ń lù ni?”

Ó ṣe, ó ṣe, Inna ní ahọ́n òun kú. Ó ní òun kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí iyanrìn mọ́. Láti ìgbà náà, ahọ́n Ràlíá ni ahọ́n Inna. Ràlíá á tọ́ mílíìkì wò, á tún tọ́ ọ wò, á ní ó tó. Inna á gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata, bí ẹni pé àlùfáà ló sọ̀rọ̀. Ràlíá á máa sunkún lọ sílé nítorí ìyá tí kò mọ adùn oúnjẹ mọ́.

Ẹkún náà ló ń sun nísinsìnyí. “Áà, Inna mi. Ó gbé ahọ́n òkú wọ sàréè.”

Úmù ọmọ Inna ń ká ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Ẹní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ahọ́n òkú kẹ̀? Àǹtí Ràlíá! Ọjọ́ tó kú gan-an ló bá mi jà lórí kókó tí mo gbé fún un mu. Ó ní èéfín wọ inú rẹ̀, kí n lọ dà á fún ajá!” Ẹ̀rín pa Úmù, ẹ̀rín ń lù ú bolẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ̀rín ti di ẹkún. “Ó ní ká má sọ fún yín. Ó ní tí ẹ bá mọ̀ pé ahọ́n òun wà láàyè, ojú òun lẹ ó máa wò, ẹ ò ní gbọ́ ti ahọ́n yín.”

Ràlíá rántí ọjọ́ tí òun ṣèèṣì bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: Inna jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka, ojú rẹ̀ kò yí. Ó kàn mu omi, ó mu omi, títí àmù fi gbẹ.

Ó bu oje díẹ̀ sínú ìkòkò, ó rò ó. Mílíìkì kò dì.

“Àǹtí, ẹ fi kún un! Àwọn àlùfáà ti ń ṣe àlùwàlá.”

Ràlíá tọ́ ọ wò. Ojú ní kò tíì tó. Ọwọ́ ní kò tíì tó. Ahọ́n ní ó tó.

Kò sí ojú ẹnikẹ́ni tí yóò wò. Ó da ìyókù oje bòmubòmu sílẹ̀, ilẹ̀ mu ún.

Ó dúró. Wọ́n ń fa òpó ahéré tu, ó dúró. Wọ́n ń di ẹrù, ó dúró. Màlúù ń ké sí ọmọ wọn, àwọn ọkùnrin ń súfèé sí màlúù, mílíìkì tẹ́ rẹrẹ bí ojú afọ́jú, Ràlíá dúró.

Mílíìkì gbọ̀n díẹ̀ létí ìkòkò. Omi yà sọ́tọ̀, funfun fà mọ́ funfun, ó ń wúwo, ó ń le.

Wàrà ń dì, gàá ń tú.

Wàrà ń dì.

Gàá ń tú.