Ẹni tí Mareike Pè

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti Gerlind ìyàwó mi, yìnyín ojú ọ̀nà sì gbà á lọ́wọ́ wa ní oṣù kìíní ọdún 2010. Ọkọ̀ Mareike, ọmọbìnrin wa, yọ̀ kúrò lójú títì nítòsí Grimma, ó lọ kọlu igi. Ọlọ́pàá tó wá sọ fún wa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní dókítà sọ pé ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Ó ní fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fọ́ yángá.

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ni kò kúrò lọ́kàn Gerlind.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lásìkò tí ọkọ̀ rẹ̀ kọlu igi, a wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Leipzig. Ẹgbẹ́ wa ń tako òfin tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìpè gbogbo aráàlú fún oṣù mẹ́fà: ẹni tó pè, ẹni tí wọ́n pè, ibi tí wọ́n wà. Volkmar, àbúrò Gerlind, ni olórí wa. Bí a bá ti wọlé, a ó yọ bátìrì fóònù wa, a ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo bisikíìtì, Volkmar á sì gbé e lọ sí ilé ìdáná. A ti sọ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù pé kí wọ́n má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún wa, kí wọ́n má sì máa sọ fún wa ẹni tó pè nígbà tí fóònù wa wà ní pípa. Ìdí wà fún un. Láyé ìjọba àtijọ́, aládùúgbò kan ń kọ orúkọ gbogbo àlejò bàbá Gerlind àti Volkmar ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá inú. Ìyẹn ló gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ bàbá náà.

Nítorí náà, bí Mareike bá pè wá nínú ọkọ̀ yẹn, kò sí bí a ṣe lè mọ̀.

Ní ìparí oṣù kejì, Volkmar wá mu kọfí lọ́dọ̀ wa.

"Ó pè wá," ni Gerlind wí. "Ta ló tún fẹ́ pè?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ ọlọ́pàá ló ń pè. Ó sì lè má pe ẹnì kankan."

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Àkọsílẹ̀ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí mo lọ bá ní tí mo bá kọ̀wé pé mo fura sí ikú ọmọ mi, òun á lè béèrè fún un."

Volkmar gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ òfin orílẹ̀-èdè ní Karlsruhe fẹ́ dá ẹjọ́ wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Orúkọ yín wà lára àwọn tó pẹjọ́. Ẹ wá fẹ́ kí ọlọ́pàá bá yín ṣí i?"

"Gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìwọ tí o ń lẹ bébà mọ́ ojú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà bíi pé ó fẹ́ wò ẹ́ níhòòhò. Tó bá jẹ́ ọmọ tìẹ ńkọ́?"

"Mi ò lọ́mọ."

"Ìyẹn ló ṣe rọrùn fún ẹ." Ó yíjú sí mi. "Bàbá Mareike, kí lẹ rí sí i?"

"Irọ́ lo máa kọ," ni mo wí. "Kò sẹ́ni tó pa á. Yìnyín ni."

"Irọ́ kékeré ni."

"Kì í ṣe ìpè ọjọ́ yẹn nìkan ni wọ́n máa rí," ni Volkmar wí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀. "Gbogbo ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ ni. Àtàwọn tí kò sọ fún yín."

Gerlind ń fi ìka kó èérún àkàrà jọ lórí tábìlì. Mo mọ̀ pé ó ń ronú ohun tí ọmọ wa lè ti fi pa mọ́ fún wa, bóyá ìfẹ́ kan, bóyá àìsàn kan. Kò kọ ìwé náà.

Àwọn adájọ́ ní òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú lójú, wọ́n sì ní kí wọ́n pa gbogbo àkọsílẹ̀ náà rẹ́ láìjáfara. Àwọn ènìyàn dì mọ́ra wọn nínú gbọ̀ngàn. Volkmar ṣí wáìnì. Gerlind wọ kóòtù rẹ̀, mo sì tẹ̀ lé e jáde.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ọmọbìnrin kan ló gbé e. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

"Ó ti lọ, mà. Wọ́n ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ká ní ó ṣì wà pàápàá, mi ò ní lè fún yín. Ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn aráàlú ló pẹjọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Gerlind wí. "Mo wà lára wọn. O ṣeun, ọmọ mi."

Ní ìrọ̀lẹ́, Volkmar wá pè wá síbi àjọyọ̀ ẹgbẹ́.

"Gbogbo wọn ló ń béèrè yín, ẹ̀gbọ́n."

"Tí wọ́n bá tún gbé òfin yẹn dé lọ́la, màá tún pẹjọ́," ni Gerlind wí. "Ṣùgbọ́n má ní kí n wá yọ̀."

Volkmar jókòó tòun ti kóòtù lọ́rùn.

"Ó pè yín, ẹ̀gbọ́n."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Gerlind jókòó tì í. Kò sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò lé e. Mo dìde, mo gbé omi kọfí kaná, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ mi lè ṣe.