Ibi Tí Ọwọ́ Dé

Ó di ọdún kẹsàn-án tí Hàlímàt ti ń lé làálì fún ìyàwó ní Nyanya, oníbàárà kankan kò sì tíì rí ìka rẹ̀ rí. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà dúdú kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn ní afínjú obìnrin ni, òun náà kò bá wọn jiyàn. Ta ló fẹ́ gbé ọwọ́ ìyàwó fún ẹni tí ìka tirẹ̀ kún fún egbò?

Kì í ṣe àrùn ló wà nínú ìbọ̀wọ́ yẹn o. Hàlímàt fúnra rẹ̀ ló ń bó ara rẹ̀. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti bẹ̀rẹ̀. Yóò jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò lọ síbòmíràn, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa wá ibi tí awọ ti ṣí díẹ̀ kiri, níka tàbí léjìká. Tó bá ti rí i, ó di kó fà á, kó tún fà á, títí ẹ̀jẹ̀ fi máa yọ. Ìtura rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú kan, ìtìjú rẹ̀ sì máa ń di ọjọ́ kejì. Ìyá rẹ̀ nà án, ó fi ata pa á níka, kò gbọ́. Òun náà ti gé èékánná mọ́ ẹran, ó ti lẹ pílásítà mọ́ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ti búra lórí ẹní ìkírun lẹ́ẹ̀mejì, ó sì da ìbúra náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún tó kọjá ni nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé ìṣòro yìí lórúkọ, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bá a jà, pé kì í ṣe àìgbọ́ràn. Lọ́jọ́ náà, ó sunkún láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì títí dé ilé.

Làálì nìkan ló máa ń fún un nísinmi. Tí làálì bá ṣì tutù lọ́wọ́ èèyàn, kò lè fọwọ́ kan nǹkan kan fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Tó bá gbẹ tán, èèpá rẹ̀ á máa ṣí, èèyàn á máa bó o díẹ̀díẹ̀, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Torí ẹ̀ gan-an ló ṣe kọ́ iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀ ni pé owó wà ńbẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ òsì nìkan ló máa ń rí lé fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá a lé tọ̀tún, nígbà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n mú Waliyat wá. Bàbá rẹ̀ ń tún ara ọkọ̀ ṣe nílé àwọn mẹkáníìkì ní Apo, ọjọ́ Sátidé ni Waliyat yóò sì fẹ́ Saeed. Ẹ̀gbọ́n ọkọ, Nafisah, ló tẹ̀ lé e wá. Oòrùn ń mú gan-an, síbẹ̀ aṣọ alápá gígùn ni Waliyat wọ̀. Nígbà tó ká apá aṣọ náà sókè, egbò wẹ́wẹ́ àti àpá dúdú ló kún ibẹ̀.

"Ìyá rẹ ní ẹ̀gbẹsì ni," Nafisah wí. "Kai, ẹ̀gbẹsì wo ló ń bá èèyàn la inú ọyẹ́ já? Mo rí i lọ́rùn rẹ ní Disẹ́ńbà. Àǹtí Hàlímàt, ẹ̀yin lẹ máa ń rí ara èèyàn, ẹ má tàn mí. Ṣé nǹkan yìí ń ràn? Tó bá ń ràn, màá pe màámi nísinsìnyí, kí wọ́n sún ìgbéyàwó yẹn síwájú ká lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì."

Nafisah kì í ṣe ìkà. Ó ní ọmọ oṣù mẹ́rin nílé, inú ilé kan náà ni ìyàwó ń bọ̀. Waliyat fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Hàlímàt ní kó yíjú padà, ó sì rọra ṣí ṣíìpù ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. Egbò wà ní èjìká méjèèjì, ó wà lọ́rùn, ó pọ̀ ní apá òsì ju ti ọ̀tún lọ. Àmọ́ àárín ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Ẹ̀gbẹsì ì bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ kò dé ni egbò parí sí, Hàlímàt sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí bí ẹ̀yìn tirẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn.

Ó lè sọ pé ẹ̀gbẹsì ni, kó gba owó rẹ̀, kó dákẹ́. Ó da làálì sínú abọ́, ó fi omi tíì pò ó.

"Ẹ ò fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i?" Nafisah bi í. "Kì í pọ́n dáadáa láìsí ọsàn."

"Yóò ta á lójú egbò."

"Ẹ ti dán an wò lára ta ni?"

Nafisah ti mú fóònù jáde, ó ti ń wá nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Waliyat ti ki ọwọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀, Hàlímàt sì mọ ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe níbẹ̀. Àánú ọmọ náà ṣe é. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní.

"Ara mi ni mo ti dán an wò," ó ní. "Kì í ràn. Òun ló ń bó ara rẹ̀, bí èmi náà ṣe ń ṣe. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ọwọ́ yìí ni mo fi wẹ̀ wọ́n. Kò sí nǹkan kan lára wọn."

Nafisah wo ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́.

"Waliyat, kí ló dé tí o ò kàn jáwọ́?"

"Mo máa ń jáwọ́, Àǹtí," Waliyat wí. "Ojoojúmọ́ ni mo máa ń jáwọ́."

Hàlímàt wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, ó rọ làálì sínú ọ̀rá, ó dá ẹnu rẹ̀ lu, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò fi làálì kan egbò kankan. Ó ya àwòrán ewé yí wọn ká, títí ọwọ́ àti apá méjèèjì fi kún. Nígbà tó parí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó láti dúró kó gbẹ. Kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti yọ ní àtàǹpàkò ọ̀tún kó tó rí i pé Nafisah ń wo òun.

Ojú tì í. Ó fẹ́ fi ọwọ́ náà pamọ́.

"Ẹ gbé e wá," Nafisah wí. Ó ti mú ọ̀rá làálì tó ṣẹ́kù. "Tọ̀tún. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe o, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín."

Lóòótọ́, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìlà rẹ̀ wọ́, ó kán sílẹ̀ káàkiri, àmọ́ ó yẹra fún gbogbo egbò. Ó lé tọ̀tún tán, ó lé tòsì. Àárín iṣẹ́ náà ni ìyá rẹ̀ pè.

"Rárá, màámi, kì í ṣe ẹ̀gbẹsì," ó ní. "Kì í ràn. Màá ṣàlàyé tí mo bá délé. Sátidé kò yẹ̀."

Òùngbẹ ń gbẹ Waliyat, kò sì lè di ife mú. Hàlímàt náà kò lè dì í mú. Nafisah bu omi, ó gbé e sí Waliyat lẹ́nu, ó gbé e sí Hàlímàt lẹ́nu. Díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ife. Ó jókòó tì wọ́n, ó sì mu ún.