Idẹ Tó Pọ́n Dé Ìdí

Ìbọn ọdẹ tí Détọ́lá gbé pamọ́ sílé rẹ̀ ní Cedar Hill, lókè òkun, ti gbó ju bàbá ẹnikẹ́ni lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ṣì ń ṣe kàtíríìjì rẹ̀, ìyẹn apó idẹ tí ẹ̀tù àti ọta ń wà nínú rẹ̀, mọ́, nítorí náà, Détọ́lá fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é nínú gáréèjì. Yóò mú idẹ kàtíríìjì ìbọn mìíràn, yóò gé ọrùn rẹ̀ kúrú, yóò sì fi mọ́ọ̀dù tẹ̀ ẹ́ kó lè wọ inú ìbọn náà. Lẹ́yìn náà, yóò tò wọ́n sínú àwo omi, kí omi bo ìdí wọn kí iná má bàa dé ibẹ̀, yóò wá fi iná gáàsì jó ẹnu wọn díẹ̀. Idẹ tí iná bá jó máa ń rọ̀, ẹnu nìkan ló sì gbọ́dọ̀ rọ̀. Bí ìdí bá lọ rọ̀, ìbọn á bú mọ́ ẹni tó yìn ín lójú.

Ọláoyè, bàbá Túndùn ìyàwó rẹ̀, tó wá kí wọn láti Ìbàdàn, ò rí nǹkan kan nínú gbogbo èyí ju ìwà ọ̀lẹ lọ. Ọkùnrin náà lẹ́nu burúkú, ká má parọ́. Kò sí àlejò tó wọlé tí bàbá náà kò fi Détọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú rẹ̀.

"Ẹnu nìkan lò ń dáná sí?" ló wí. "Bó o ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan nìyẹn, ààbọ̀ iṣẹ́! Òun ló jẹ́ kí ọmọ mi máa ṣe double shift ní hospital."

Nígbà tí Détọ́lá fi máa ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Addison dé lọ́jọ́ kejì, bàbá náà ti da omi nù, ó ti sun gbogbo idẹ náà látẹnu dé ìdí.

"Mo ti bá ẹ parí ẹ," ló fi yangàn. "Gbogbo wọn ló pọ́n fòò! Kó ẹ̀tù sí i. Èmi ni màá yìn ín ní Saturday."

Détọ́lá mọ bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àna rẹ̀: ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ ká da eléyìí nù. Ó ti la ẹnu. Ó wá rántí "ààbọ̀ iṣẹ́," inú rẹ̀ sì dùn, irú inú dídùn tí èèyàn kì í jẹ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an, Dádì."

Ó rọ ẹ̀tù sí i, ó fi ọta dé e. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, á ní òun bọ̀wọ̀ fún àgbà ni.

Ní Saturday, Túndùn bá wọn dé pápá ìyìnbọn, Ọláoyè sì gbé ìbọn lé èjìká. Détọ́lá rọra sún sẹ́yìn. Ni bàbá náà bá tún gbé e kúrò.

"Rárá. Túndùn, ìwọ lò ń ṣe wàhálà ilé yìí. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ yìn ín."

Túndùn rẹ́rìn-ín, ó gba ìbọn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í.

"Má yìn ín!" Détọ́lá figbe ta. "Ó máa bú! Ìdí ẹ̀ ti rọ̀!"

Túndùn gbé ìbọn sílẹ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Túndùn, jọ̀ọ́..."

"Ìbọn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò léjìká dádì mi ni. O sún sẹ́yìn. Mo rí ẹ."

Détọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Bàbá náà fẹ́ ní kó dìde. Túndùn di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Ẹ má dá a lóhùn, Dádì. Ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lápò ọkọ rẹ̀, ó sì mú bàbá rẹ̀ lọ sílé.