Ìdánwò Tó Ń Le Sí I

Orúnkún Aasiyah ló ba ìdánwò àkọ́kọ́ jẹ́ fún un. Ó ń ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá wọn l'Égbèdá, kámẹ́rà ń wo ojú rẹ̀, ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn. Kó tó ronú, ó ti kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà." Bí ojú rẹ̀ ṣe kúrò níwájú kámẹ́rà báyìí, ẹ̀rọ ti ìdánwò pa. Ó tán!

Ọ̀tẹ̀ yìí ni àǹfààní ìkẹyìn. Bí kò bá gba àádọ́rin máàkì, ilé ìwòsàn òkè òkun tó fẹ́ gbà á ní nọ́ọ̀sì á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Ó bẹ Jibril ọkọ rẹ̀ kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àbí ta ló láyà láti sọ fún Màmá pé ìyàwó ò ní kúnlẹ̀ kí i? Màmá tó jẹ́ pé bó o bá se ọbẹ̀ tó dùn lónìí, á ní kó o gún iyán lọ́la. Bó o gún un tó kúnná, èkuru ló tún máa wù ú! Ó dá Aasiyah lójú pé obìnrin náà ò fẹ́ràn òun. Ó ti sú u.

Ẹ̀rọ ìdánwò yìí kì í bi gbogbo èèyàn ní nǹkan kan náà. Bó o bá gba ìbéèrè kan, èyí tó le jù ú lọ ló máa gbé wá. Bó o bá kùnà, á bá ẹ dẹ̀ ẹ́. Aasiyah ń gbà á, wọ́n ń le sí i. Ni iná bá lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ló kù tó gbé e. Jibril sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Màmá dúró, ó ń retí ìkíni.

Orúnkún Aasiyah ti fẹ́ kúnlẹ̀. Ó di àga mú, kò yíjú. Mi ò ní kúnlẹ̀ lónìí, ló ń wí nínú ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn padà tì jẹ́ẹ́.

Nígbà tó parí, máàkì yọ: méjìdínlọ́gọ́rin. Kò tiẹ̀ ráyè yọ̀. Ó sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá ní pálọ̀.

"Ẹ má bínú, mà."

"Jibril ti ṣàlàyé. Ṣé ó le?"

"Ó le gan-an, mà. Bí mo ṣe ń gbà á ló ń le sí i. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ló máa ń bá dẹ̀ ẹ́."

Màmá wò ó títí. "Ìyàwó Abdulmuiz àbúrò ọkọ ẹ, tí ò mọ ọbẹ̀ sè, ṣé o ti gbọ́ kí n ní kó gúnyán rí?"

"Rárá, mà."

"Hẹn-ẹn. Dìde jàre, ọmọ mi."