Kẹ̀kẹ́ Lórí Ọ̀sà

Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti bá Akínyẹlé sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Òun ló fẹjọ́ mi sun tíṣà ní pírámárì, tí wọ́n nà mí títí mo fi pa ilé ìwé tì. Òun náà ló wá di alága ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́ ní Òde-Omi.

Ẹgbẹ́ bi wá ní ohun tí ọmọ wa nílò. Mo dáhùn pé ọkọ̀ ojú omi ni, torí omi ti ń wọ èyí tí Tamílọ́rẹ ọmọ mi ń wà lọ síléèwé. Nígbà tó di Sátidé, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé fún un. Mi ò lè pa ẹnu mọ́ mọ́.

"Alága, ṣé orí ọ̀sà lọmọ mi máa gun kẹ̀kẹ́ ni?"

"Bàbá Tamílọ́rẹ, kẹ̀kẹ́ la fún àwọn ọmọ ìlú Mamu náà. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣojúsàájú."

"Orí ilẹ̀ ni Mamu wà! Ọmọ mi fẹ́ rì, ò ń sọ ti ojúsàájú!"

Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo omi, ojú tì í. "Láti Mọ́ńdè, kó máa bá àwọn ọmọ mi wọkọ̀, títí a ó fi kan ọkọ̀ tiẹ̀ fún un."

Mo gbà, torí ọmọ. Tamílọ́rẹ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Èmi kò dúpẹ́ o.